Ewé Ń Pọ̀, Òdòdó Kò Yọ: Ohun Tó Ń Ṣe Hydrangea ní Èkó

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àǹtí mi tó ń gbé ní Sùúrùlérè pè mí. Wọn ò dúró kí n kí wọn tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. "Ìwọ tó o sọ pé o mọ òdòdó, wá bá mi wo ọ̀rọ̀ igi yìí o. Ọdún kejì rèé. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, mo ti da ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo ti da ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Ewé nìkan ló ń yọ bíi tẹ̀tẹ̀. Òdòdó, ẹyọ kan, kò yọ!"

Hydrangea ni igi tí wọ́n ń sọ. Ọmọ wọn ló rà á fún wọn ní ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Èkó ti rí òdòdó yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ni èyí tó rí roboto, tó tóbi tó orí ọmọdé, tí òdòdó kéékèèké kóra jọ sórí rẹ̀ pìtìmù, funfun tàbí píǹkì tàbí búlúù. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ojúlówó. Aláṣọ àti oníke ni, wọ́n kún Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Ti àǹtí mi, ojúlówó ni, nínú ìkòkò. Orí mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ, ó parí síbẹ̀.

Ẹjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi mọ́. Olúkúlùkù ló sì ní ohun tó ń fura sí. Ẹnìkan ní ilẹ̀ ni kò dára. Òmíràn ní omi bọ́hóòlù ni. Ẹnìkan tilẹ̀ fi dá mi lójú pé ẹni tó ta igi náà ti ṣe nǹkan sí i kó má baà tanná mọ́, kí àwọn lè padà wá ra òmíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó ṣe igi yín ní nǹkan kan. Òtútù ló ń wá, Èkó kò sì ní in.

Òdòdó ọdún tó kọjá lẹ rà

Ibi tó ti ń rú àwọn ènìyàn lójú nìyí: òdòdó tí ẹ bá lórí hydrangea lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kì í ṣe oṣù yẹn ni igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀ka kí ọdún tó yí.

Irú tó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hydrangea macrophylla, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù ni. Níbẹ̀, bí ìgbà ooru bá dé, igi náà á yọ ẹ̀ka, á yọ ewé. Bí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tutù, tó wá ń wà ní nǹkan bíi 18°C tàbí kó kéré sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìgbà yẹn ni ṣóńṣó ẹ̀ka á jáwọ́ nínú ewé, á yí padà sí òdòdó. Á rúdí. Ṣùgbọ́n ìrúdí yẹn kò ní là o. Á kọ́kọ́ sùn. Ewé á wọ́ dànù, òtútù gidi á dé, igi á dà bí igi ìdáná fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá tún móoru ni ìrúdí á tó jí, tí á fi ewé díẹ̀ ṣíwájú, tí òdòdó á sì tẹ̀ lé e.

Òtútù méjì ni, nígbà náà. Èyí àkọ́kọ́, tí kò le, ló ń jẹ́ kí oyún òdòdó dúró. Èkejì, tó le, ló ń jẹ́ kí oyún náà gbó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, òdòdó yẹ̀.

Àwọn tó ń gbìn ín tà nílùú òyìnbó mọ̀ èyí dáadáa. Wọ́n á jẹ́ kó rúdí nínú òtútù ìparí ooru, wọ́n á kó o sínú yàrá tútù tí kò jìnnà sí ti fíríìjì yín, bíi 5°C, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e wá síbi tó móoru. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ rẹ̀ débi pé á tanná ní Àjíǹde tàbí ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá gan-an. Ìkòkò tí wọ́n gbé fún yín, ó ti sun oorun rẹ̀ kó tó rí yín. Lẹ́yìn òdòdó yẹn, ó tún fẹ́ sùn. Ibo ló fẹ́ sùn sí ní Sùúrùlérè?

Ẹ ronú sí alẹ́ wa. Lọ́pọ̀ oṣù, bí ẹ bá jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ooru ṣì wà láàárín 22°C sí 25°C. Kódà nínú ọyẹ́ Oṣù Kìíní, tí a ti ń wá súwẹ́tà kiri, ó ṣọ̀wọ́n kó lọ sábẹ́ 20°C, tó bá sì lọ, kì í pẹ́. Ọyẹ́ ọjọ́ mélòó kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ má sì rò pé torí a wà nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì ni. Ìlà yẹn gba inú Kòlóńbíà kọjá, síbẹ̀ Kòlóńbíà wà lára àwọn tó ń ta hydrangea jù lọ fún gbogbo ayé. Orí òkè ni wọ́n ń gbìn ín sí, níbi tó ga ju 2,000 mítà lọ, tí alẹ́ sì ń tutù jálẹ̀ ọdún. Gíga ló fà á. Èkó ńkọ́? A fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi òkun dọ́gba. Ẹni tó bá ní ìbátan ní Jọ́ọ̀sì, níbi tó ga tó bíi 1,200 mítà, ìrètí tirẹ̀ ju tiwa lọ.

Ẹ́síì àti fíríìjì

Ẹni tó gbọ́n á ti máa rò ó báyìí pé ṣebí òtútù náà ni, kí n gbé e sí abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìkòkò kan wọ yàrá, mo tẹ 18 lórí rìmóòtù, mo sì ń fi ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan retí. Iná lọ, iná dé. Nígbà tí iná bá lọ, yàrá á gbóná ju ìta lọ. Nígbà tó bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fẹ́ lu ewé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí ewé ti ń gbẹ, kòkòrò pẹ́pẹ̀pẹ́ kan sì ti ń hun òwú sábẹ́ rẹ̀. Yàrá sì ṣókùnkùn jù fún igi tó ṣì ní ewé lára. Owó iná oṣù yẹn tó ra hydrangea mìíràn.

Ti fíríìjì ńkọ́? Àwọn kan ń gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíríìjì kò lè ṣe ju òtútù kejì lọ, èyí tó ń mú oyún gbó. Bí òtútù àkọ́kọ́ kò bá wáyé, kò sí oyún nínú rẹ̀. Èso tó ń pọ́n, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti tòmátò, tún máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ bò sínú ọ̀rá tètè pọ́n. Ó lè mú kí ewé igi wọ́ dànù. Ẹ fi fíríìjì sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ajílẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ rà. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò NPK, bíi 15-15-15, ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, potáṣíọ̀mù, ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Náítírójìn ni oúnjẹ ewé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, náítírójìn nìkan ló wà nínú yùríà, ìgbẹ́ adìẹ náà sì ní in púpọ̀. Nítorí náà, bí igi bá kọ̀ láti tanná tí ẹ wá da ìgbẹ́ adìẹ lé e, ewé lẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún, ewé náà ló sì ń fún yín. Àǹtí mi ní "bíi tẹ̀tẹ̀". Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Oúnjẹ tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fún un.

Kí lẹ máa wá ṣe bí wọ́n bá fún yín ní hydrangea? Ẹ kà á sí àlejò. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, ó túmọ̀ sí ìkòkò omi, torí bí ilé èso rẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá ọ̀fun rẹ̀ mu, òùngbẹ kì í tán lára rẹ̀. Ẹ tú bébà dídán tí wọ́n fi wé ìkòkò kúrò, kí omi lè máa jò kọjá. Ẹ fi síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí òjìji ti ń bò ó láti ọ̀sán. Bí ewé rẹ̀ bá rọ lójijì, ẹ ti ìkòkò bọ inú bàsíà omi fún bí ààbọ̀ wákàtí, á gbérí. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé jẹ ewé rẹ̀, májèlé wà nínú rẹ̀. Á wà pẹ̀lú yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé lásán ni, bí ewé bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, kò burú.

Fún àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun

Àbúrò mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: hydrangea tó ga tó èjìká rẹ̀, ewé tútù yọ̀yọ̀, òdòdó kò sí. Òtútù pọ̀ níbẹ̀ o. Mo bi í ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ìgbà wo lo gé e?" Ó ní nígbà tí ewé ń wọ́, kí iwájú ilé lè mọ́.

Ó ti gé oyún dànù. Ẹ rántí pé orí ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni òdòdó wà, ní ṣóńṣó gan-an. Ẹni tó bá gé gbogbo orí rẹ̀ nígbà tí ewé ń wọ́, tàbí nínú ọ̀gìnnìtìn, tàbí tó gé e kúrú nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru, òdòdó ọdún náà ló kó dà sí ààtàn. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi òdòdó gbígbẹ sílẹ̀ lórí rẹ̀ jálẹ̀ òtútù, torí ó ń bo ìrúdí abẹ́ rẹ̀ bí aṣọ. Tó bá di Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin, ẹ wá ibi tí ìrúdí méjì tó sanra ti kọjú síra wọn, kí ẹ gé òkè rẹ̀, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ̀ka tó ti gbó jù, ẹ lè gé ọ̀kan tàbí méjì láti ìdí lọ́dọọdún. Bí ìrì dídì bá fẹ́ dé lẹ́yìn tí ìrúdí ti là, ẹ ta aṣọ bò ó mọ́jú.

Kì í ṣe gbogbo hydrangea ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn aládùúgbò fi máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Èyí tí òdòdó rẹ̀ gùn ṣóńṣó, Hydrangea paniculata, àti arborescens tí orí rẹ̀ funfun, orí ẹ̀ka tuntun ọdún yẹn ni wọ́n ti ń tanná. Wọ̀nyẹn, ẹ lè gé wọn kúrú kí ìgbà òtútù tó parí, inú wọn á tilẹ̀ dùn sí i. Ẹni tó ní paniculata á wá sọ fún ẹni tó ní macrophylla pé "èmi gé tèmi kanlẹ̀, ó sì tanná." Òótọ́ ló sọ, igi ọ̀tọ̀ ló ń sọ. Ní Houston tí oòrùn ti le, ọ̀rọ̀ òjìji ọ̀sán ṣe pàtàkì fún macrophylla bíi ti gígé.

Wọ́n á tún bi yín nípa àwọ̀. Igi kan náà lè yọ búlúù ní àgbàlá kan, kó yọ píǹkì ní àgbàlá kejì. Àlùmíníọ̀mù inú ilẹ̀ ló ń fà á. Bí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni ilẹ̀ ṣe ń kan sí) kò tó 5.5, gbòǹgbò lè fa àlùmíníọ̀mù mu, àwọ̀ á sì di búlúù. Bí pH bá ju 6.5 lọ, àlùmíníọ̀mù wà nínú ilẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti há, àwọ̀ á di píǹkì. Láàárín méjèèjì, ẹ ó rí àlùkò. Funfun kò bá wọn dá sí i. Ohun tí wọ́n ń dà sí ilẹ̀ níbẹ̀ láti gba búlúù, ìbátan álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi odò tòrò ni, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí òdòdó tó là. Bó bá pọ̀ jù, á jó gbòǹgbò. Ìṣó ìpẹtà tí wọ́n ń rì mọ́dìí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan; irin nìyẹn, kì í ṣe àlùmíníọ̀mù. Aláró Abẹ́òkúta tó bá gbọ́ èyí á ya ẹnu: omi eérú ni wọ́n fi ń jẹ́ kí aró mú aṣọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da eérú sí ìdí hydrangea, búlúù á sá lọ.

Tiwa tí a fọwọ́ ara wa dá dúró

Èmi kò bínú sí hydrangea mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn òdòdó tí Èkó bá lára mu, tí wọn kò bèèrè òtútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kì í jẹ́ kí wọ́n tanná.

Ẹ wo ixora, èyí tí òdòdó pupa rẹ̀ náà kóra jọ roboto. Kò sí ọgbà ilé ìjọsìn tàbí ilé ìfowópamọ́ tí kò sí. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni òun náà ti ń rúdí. Gádínà á sì dé lọ́sẹ̀ méjìméjì pẹ̀lú àlùmọ́gàjí gígùn, á gé e pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ìrúdí ló ń gé. Ìwà àbúrò mi ní Peckham ni gádínà ń hù ní Ìkẹjà. Ẹ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀ títí òdòdó á fi là tí á sì gbó, kó tó gé e.

Bí ewé ixora bá ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ kíkan ló fẹ́, ilẹ̀ pupa bíi ti Ìpájà àti Agége. Ní Lẹ́kí, yanrìn tí wọ́n fi dí omi kún fún ìkarahun fífọ́, níbikíbi tí ẹ bá sì gbìn ín mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, efun sìmẹ́ǹtì ń ṣàn wọlẹ̀. Irin wà nínú ilẹ̀ náà, ixora ni kò lè fà á mu. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, ẹ kó ilẹ̀dú àti ewé jíjẹrà sí i, ẹ sún un kúrò lára ògiri.

Bougainvillea ní ìṣòro òdì kejì. Ohun tó ń tàn lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni funfun tíńtín tó wà láàárín. (Hydrangea náà ń tan yín bẹ́ẹ̀: èyí tẹ́ ẹ ń pè ní òdòdó, èèpo tó ń bo òdòdó ni.) Láti Brazil ló ti wá, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti atukọ̀ ará Faransé kan, Bougainville, tí ọkọ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1767. Ìyà díẹ̀ ni igi yìí fẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń bo ògiri Ìkòyí láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta, nígbà tí òjò ti dá, tó sì ń ṣe ewé lásán ní Oṣù Kẹfà. Ẹ fún un ní oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò há mọ́ ọn. Ẹ má bomi rin ín àfi tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ tí ewé fẹ́ máa rọ̀. Yùríà, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àǹtí mi ní ọ̀kan. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, wọ́n sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú hydrangea, torí wọn ò fẹ́ ṣe ojúsàájú. A gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì níbi tí oòrùn ti ń pa á lójú, mo sì gba kẹ́ńtì omi lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo padà lọ ní Oṣù Kejìlá, ó ti pọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè.

Hydrangea ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Orí búlúù mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, wọ́n tóbi, wọ́n dára. Àyà mi já. Gbogbo ẹnu tí mo ti fi sọ̀rọ̀ òtútù! Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ kàn án: aṣọ ni. Wọ́n ti lọ Ìdúmọ̀tà, wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n fìka sẹ́nu, wọ́n ní, "Má wí fẹ́nì kan o. Ìyá ìjọ bi mí lánàá pé ajílẹ̀ wo ni mò ń lò."